Ẹni Tó Ti Wẹ̀, Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Ńkọ́?

Ìbéèrè kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ló bi mí nígbà tí ẹ̀kọ́ Bíbélì parí, tí àwọn yòókù ti ń palẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí Ọlọ́run bá ti dárí ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí lọ́jọ́ tí mo gba Jésù, ìdáríjì wo ni mo tún ń tọrọ lálaalẹ́? Ṣé kò ní dà bíi pé n kò gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ ni?" Mo ní kó lọ ka Jòhánù Kìíní orí 1, ẹsẹ 8 àti 9, níbi tí àpọ́sítélì ti sọ pé bí a bá ní àwa kò lẹ́ṣẹ̀, ara wa là ń tàn jẹ. Ó dúpẹ́, ó sì lọ. Ibi tó yẹ kí n darí rẹ̀ sí ni mo darí rẹ̀ sí, ṣùgbọ́n òun lọ, ìbéèrè rẹ̀ jókòó tì mí.

Ohun tó jẹ́ kó le ni pé ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìgbàgbọ́, kì í sì í ṣe ti ọ̀lẹ tó ń wá bí yóò ṣe yẹ àdúrà sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ràn oore-ọ̀fẹ́ ló bèèrè rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àdúrà tí òun ń gbà ń bu Ọlọ́run kù.

Ẹ wo inú ìjọ. Àwọn kan wà tí wọn kò tọrọ ìdáríjì mọ́. Wọ́n ní òdodo Ọlọ́run ni àwọn nínú Kristi, bí Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ẹni tó bá sì ń pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́ṣẹ̀ lójoojúmọ́ kò tíì mọ ẹni tí òun jẹ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ìgbàkígbà tí oníwàásù bá ní kí ẹni tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ fún Jésù jáde síwájú, wọ́n á jáde. Wọ́n jáde lọ́dún tó kọjá, wọ́n jáde lóṣù tó kọjá, wọ́n á tún jáde bí wọ́n bá pè lọ́la, bí ẹni pé gbogbo èyí tí Ọlọ́run ti dárí jì wọ́n tẹ́lẹ̀ ti parẹ́. Àwọn ti ìṣáájú kì í kúnlẹ̀. Àwọn ti ìkẹyìn kò mọ bí a ti ń dìde. Nígbà kan, bí ẹ bá bi mí pé èwo nínú méjèèjì ló gbéraga, kíákíá ni n bá nawọ́ sí àwọn àkọ́kọ́. Ní báyìí, ọwọ́ mi kò yá bẹ́ẹ̀ mọ́.

## Oúnjẹ òní, gbèsè òní

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Nínú àdúrà tí Olúwa kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, nínú Mátíù orí 6, ẹ̀bẹ̀ méjì tẹ̀ lé ara wọn: kí Baba fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí, kí ó sì dárí gbèsè wa jì wá. N kò tíì rí ẹni tó gbàdúrà oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan tó wá ní òun ti gba èyí tí òun yóò jẹ dọjọ́ ikú. Ẹ sì wo ẹni tí wọ́n ní kó máa gbàdúrà náà: ẹni tó ti lè la ẹnu pe Ọlọ́run ní "Baba wa" ni. Kì í ṣe ẹlẹ́wọ̀n tó ń retí ìdájọ́ ló ń bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ inú ilé ni, ọmọ tí a kò ní gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ṣẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò lè máa wọlé, kó máa jáde, kó máa ṣe bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Fún ẹni tó ń wá àṣẹ, èyí tó. Àmọ́ àdúrà Olúwa sọ fún mi pé kí n máa ṣe é. Kò sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá ń ṣe é. Ibi tí mo ti wá rí ìyẹn ni ibi tí n kò wá a sí rárá, nínú ìtàn kan tí a máa ń fi wàásù nípa iṣẹ́ ìsìn.

## Pétérù kọ̀

Ẹ mọ ìtàn náà, Jòhánù orí 13. Wọ́n wà nídìí oúnjẹ alẹ́, Jésù dìde, ó bọ́ agbádá rẹ̀ sílẹ̀, ó sán aṣọ ìnura mọ́dìí, ó bu omi sínú àwokòtò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwàásù tí mo ti gbọ́ lórí rẹ̀ kò lóǹkà, gbogbo wọn ló sì máa ń sáré lọ sí ẹsẹ 14, pé kí àwa náà máa wẹ ẹsẹ̀ ara wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, Pétérù ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀nyẹn ló dá mi dúró.

Ó kọ́kọ́ bèèrè pé, "Olúwa, ìwọ ń wẹ ẹsẹ̀ mi?" Jésù dá a lóhùn pé ohun tí òun ń ṣe kò lè yé e báyìí, yóò yé e tó bá yá. Ni Pétérù bá kọ̀ jálẹ̀: "Ìwọ kì yóò wẹ ẹsẹ̀ mi láéláé."

Ẹ gbọ́ bó ṣe dún. Ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí ni. Ọmọ ẹ̀yìn kan rí ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ká má rí i. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, n bá ní ẹni tó mọ àyè ara rẹ̀ rèé. Ìdáhùn tí Jésù fún un kò sì fara jọ ti ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún: "Bí èmi kò bá wẹ̀ ọ́, ìwọ kò ní ìpín lọ́dọ̀ mi."

Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ohun tó jọ ìrẹ̀lẹ̀ lẹ́nu Pétérù, Jésù kò kà á sí ìrẹ̀lẹ̀. Pétérù ṣe tán láti bọ̀wọ̀ fún Olúwa rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹni tí òun ń bọ̀wọ̀ fún fọwọ́ kan ibi tó dọ̀tí lára òun. Ìyàtọ̀ ńlá ló sì wà láàárín ẹni tó ń wẹ ẹsẹ̀ àti ẹni tí wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ó lè máa wo ara rẹ̀ pé òun mà ń gbìyànjú o. Ẹni tí wọ́n ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní nǹkan kan tó ń ṣe. Ó jókòó ni, ẹlòmíràn ń wo èérí rẹ̀, kò sì lè fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ wa tí a lè sin ìjọ láti àárọ̀ dalẹ́ kò lè jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Pétérù gbọ́ "ìwọ kò ní ìpín", àyà rẹ̀ já, ó sì fò bọ́ sí òdìkejì: "Olúwa, kì í ṣe ẹsẹ̀ mi nìkan, ṣùgbọ́n àti ọwọ́ àti orí mi pẹ̀lú." Àwọn ènìyàn máa ń rẹ́rìn-ín síbí yìí tí wọ́n bá ń kà á. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Irú ènìyàn méjì tí mo ní wọ́n wà nínú ìjọ, ẹnu ọkùnrin kan ṣoṣo ni wọ́n ti jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹni tó ní kí wọ́n má wẹ òun rárá, àti ẹni tó ní kí wọ́n tún òun wẹ̀ látorí délẹ̀. Ohun kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń ṣe: wọ́n ń kọ́ Olúwa bí yóò ṣe wẹ̀ wọ́n. Ìdí nìyí tí ọwọ́ mi kò fi yá mọ́ láti sọ pé ẹnì kan nínú wọn gbéraga ju ẹnì kejì lọ.

Jésù kò gba ti ìṣáájú, kò sì gba ti ìkẹyìn. Ó ní, "Ẹni tí a ti wẹ̀ kò tún fẹ́ ju kí a ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ́ níbi gbogbo." (Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n má bàa sọ pé mo fi í pamọ́: àwọn ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan wà, Codex Sinaiticus ti ọ̀rúndún kẹrin wà lára wọn, tí gbólóhùn nípa ẹsẹ̀ kò sí nínú ẹsẹ 10 yẹn. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lé e lórí. Bí a bá tilẹ̀ yọ ọ́ kúrò, ẹsẹ̀ ló ṣáà wà lọ́wọ́ Jésù, kì í ṣe orí.)

Augustine, tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní àríwá Áfíríkà, wàásù lórí ibí yìí ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ó ní odindi ènìyàn ni ìrìbọmi ń wẹ̀, kò yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀; ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì ń gbé nínú ayé gbọ́dọ̀ máa fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, ilẹ̀ tó sì ń tẹ̀ ń kó bá a. Ìdí nìyẹn, ó ní, tí a fi ń sọ pé "dárí gbèsè wa jì wá" lójoojúmọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo rí i pé ẹni tó bi mí léèrè kò gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rù. Jíjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ lálaalẹ́ kò sọ pé a kò wẹ̀ rí. Ohun tó ń sọ ni pé a rìn lónìí.

## "Mo ti ṣẹ̀" lẹ́nu ẹni mẹ́ta

Bí ó bá wá jẹ́ ẹsẹ̀ ni, a jẹ́ pé ibi kan pàtó ni omi gbọ́dọ̀ kàn. Ibẹ̀ ni a sì ti ń yẹra. Àdúrà kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa: "Olúwa, dárí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi jì mí, èyí tí mo mọ̀ àti èyí tí n kò mọ̀." Kò burú, Sáàmù 19 pàápàá bẹ Ọlọ́run nítorí àṣìṣe tó fara sin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan là ń gbà láti ọdún dé ọdún, èyí tí a kò mọ̀ lè máa bo èyí tí a mọ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí mo mọ̀ yẹn, kí ni orúkọ rẹ̀? Ṣé irọ́ tí mo pa níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ni? Ṣé bí inú mi ṣe dùn díẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ pé nǹkan kò lọ dáadáa fún ẹni tí mo ń jowú? A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ lórí ìkúnlẹ̀ ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn: a ó jẹ́wọ́ pé a kò gbàdúrà tó, a ó fo ọ̀rọ̀ tí a sọ sí ẹnì kejì wa tó fi sunkún sùn.

Àwọn tó ṣe ìwé àdúrà ìjọ Áńgílíkà mọ̀ pé a ó máa sá. Ní 1552 ni wọ́n fi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà òwúrọ̀ àti ti àṣálẹ́, kò sí níbẹ̀ nínú ti 1549. Ohun tó ń wù mí nínú rẹ̀ ni pé ohun tó yẹ ká ṣe tí a kò ṣe ló kọ́kọ́ dárúkọ, kó tó kan ohun tí kò yẹ tí a ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá nípa jíjókòó jẹ́ẹ́ kì í pariwo. Ẹni tó yẹ ká bẹ̀ wò tí a kò bẹ̀ wò kò ní wá fi wá sùn.

Síbẹ̀, kéèyàn dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nìkan kò tíì tó. Nínú Bíbélì, ẹni mẹ́ta kan wà tí gbólóhùn ẹnu wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, tí òpin wọn kò sì jọra.

Sọ́ọ̀lù ọba ni ẹni kìíní, nínú Sámúẹ́lì Kìíní orí 15. Ọlọ́run ní kó má dá nǹkan kan sí lára ohun ìní àwọn ará Ámálékì. Ó dá ọba wọn sí, ó sì dá àgùntàn àti màlúù tó dára jù sí. Sámúẹ́lì dé, Sọ́ọ̀lù ní òun ti ṣe gbogbo ohun tí Olúwa wí, àgùntàn sì ń ké. Nígbà tí wòlíì bi í pé igbe kí ni òun ń gbọ́ yìí, ó ní àwọn ènìyàn ló dá wọn sí, wọ́n fẹ́ fi wọ́n rúbọ ni. Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìràn mọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú ni òun kò ti wẹ̀. Nígbà tí kò sí ibi tó tún lè yà sí, ó ní, "Èmi ti ṣẹ̀." Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e ní ẹsẹ 30: ó bẹ Sámúẹ́lì pé kó jọ̀wọ́, kó bu ọlá fún òun níwájú àwọn àgbà ènìyàn òun. Ó gbà pé òun jẹ̀bi, kó ṣáà má hàn lójú àwọn àgbà.

Dáfídì ọba ni ẹnì kejì, lẹ́yìn tó gba Bátíṣébà, aya aláya. Wòlíì Nátánì sọ ìtàn ọlọ́rọ̀ tó gba àgùntàn kan ṣoṣo lọ́wọ́ tálákà fún un, inú bí Dáfídì, ó búra pé ikú ló tọ́ sí ẹni náà, kó sì san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìbínú rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn. Ìta nìkan ló kọjú sí. "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Dáfídì ní, "Èmi ti ṣẹ̀ sí Olúwa." Ó tán. Kò dárúkọ Bátíṣébà, kò ní ogun ló fà á, kò ní ọba wo ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Sáàmù 51, kí ẹ ka àkọlé rẹ̀, èyí tí a sábà máa ń fò: fún olórí akọrin ni, nígbà tí Nátánì wòlíì tọ̀ ọ́ wá lẹ́yìn ọ̀ràn Bátíṣébà. Sọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́. Ti Dáfídì di orin lọ́wọ́ akọrin, tí àwa náà ń kọ títí dòní.

Ẹni kẹta ni Júdásì. Nínú Mátíù orí 27, ó kábàámọ̀, ó kó ọgbọ̀n owó fàdákà padà, ó sì sọ pé òun ti ṣẹ̀ nítorí òun fi aláìṣẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Bí a bá fi ojú ìlànà wò ó, kí ló ṣẹ́ kù? Ó jẹ́wọ́, ó dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pàtó, ó dá owó padà. Àwọn olórí àlùfáà tó jẹ́wọ́ fún ní èwo ló kan àwọn níbẹ̀. Ó jáde, ó sì lọ pokùnso. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí wà lára ẹsẹ̀ tí Jésù wẹ̀ lálẹ́ àná rẹ̀, nítorí ìgbà tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ tán ló tó jáde lọ sínú òru. Ó mọ ibi tí omi wà. Ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní omi ló gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ.

Pétérù pẹ̀lú ṣubú lóru kan náà, lẹ́ẹ̀mẹta. A kò kà á níbì kankan pé ó sọ gbólóhùn tí àwọn mẹ́ta yìí sọ lẹ́yìn tó sẹ́ Jésù. Ó sunkún kíkorò. Ohun tó ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nínú Lúùkù orí 5, nígbà tí ẹja kún ọkọ̀ débi pé ó fẹ́ rì, Pétérù wólẹ̀ lẹ́bàá eékún Jésù, ó ní, "Lọ kúrò lọ́dọ̀ mi, Olúwa, nítorí ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí." Nínú Jòhánù orí 21, lẹ́yìn tó ti sẹ́ ẹ, ẹja tún kún àwọ̀n, ẹnì kan ní "Olúwa ni," Pétérù di ẹ̀wù mọ́ra, ó sì bẹ́ sínú òkun lọ bá a. Kò lè dúró de ọkọ̀. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì ti wá pọ̀ ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ó jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, ó ní kí Jésù lọ. Ní báyìí, òun ló ń sáré bọ̀. Bí ẹ bá bi mí pé kí ni ọdún tó bá Jésù rìn kọ́ ọ, ibí yìí ni n ó tọ́ka sí.

## Ìrẹ̀lẹ̀ tí kò wo ara rẹ̀

Kí ni èyí wá ní í ṣe pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀? Ohun gbogbo, ní tèmi. N kò gbà gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lè jí láàárọ̀ kó ní òun fẹ́ rẹ ara òun sílẹ̀ lónìí, kó sì ṣe é yọrí. Bí kò bá yọrí, yóò bínú sí ara rẹ̀. Bó bá yọrí, ó ti rí ohun tí yóò máa fi yangàn. Ẹ rántí agbowó-òde inú Lúùkù 18, tó dúró lókèèrè nígbà tí Farisí kan ń dúpẹ́ pé òun kò dà bí àwọn ẹlòmíràn, tó lu àyà rẹ̀ pé kí Ọlọ́run ṣàánú fún òun ẹlẹ́ṣẹ̀. Ó padà sílé ní ẹni tí a dá láre. Ẹ jẹ́ ká ní ó tún wá sí tẹ́ḿpìlì lọ́jọ́ kejì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀ pé "Ọlọ́run, mo dúpẹ́ pé èmi kò dà bí Farisí àná," a mọ ẹni tó ti dà. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ láìléwu ní ọjọ́ kejì ni ohun tó sọ ní ọjọ́ kìíní.

A tún ti fi èébú ara ẹni rọ́pò ìrẹ̀lẹ̀. "Èmi aláìníláárí yìí," "èmi tí n kò já mọ́ nǹkan kan." Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà dénú, kó jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a sọ ọ́. Kí aládùúgbò wò ó lójú pé lóòótọ́, ìwọ kò já mọ́ nǹkan kan. Bí ojú rẹ̀ bá ṣe yí padà ni yóò fi mọ̀.

Pọ́ọ̀lù kò ṣe irú rẹ̀. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní 15, ó ní òun kéré jù nínú àwọn àpọ́sítélì, ó sì sọ ìdí: òun ṣe inúnibíni sí ìjọ Ọlọ́run. Nínú Éfésù 3, ó ní òun kéré ju ẹni tó kéré jù nínú gbogbo àwọn ènìyàn mímọ́. Nígbà tó yá, nínú Tímótì Kìíní 1, ó ní Kristi wá sí ayé láti gba ẹlẹ́ṣẹ̀ là, nínú èyí tí òun jẹ́ olórí. Bó ti ń dàgbà sí i nínú ìgbàgbọ́ ni ipò tó fi ara rẹ̀ sí ń wálẹ̀. Kò sì fà sẹ́yìn nídìí iṣẹ́. Nínú orí kan náà ní Kọ́ríńtì tó ti pe ara rẹ̀ ní ẹni tó kéré jù, kò pẹ́ tó tún fi sọ pé òun ṣiṣẹ́ ju gbogbo wọn lọ, ó kàn yára fi kún un pé oore-ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí kò bẹ̀rù láti sọ ibi tó dọ̀tí lára rẹ̀ kò ní láti máa fi ibi tó mọ́ pamọ́.

Àwọn tó rìn jìnnà jù lọ́nà yìí ló ń sọ pé àwọn kò tíì rìn. Abba Sisoes, ọ̀kan nínú àwọn baba aṣálẹ̀ Íjíbítì, àwọn tó lọ ń gbé inú aṣálẹ̀ nítorí àdúrà, ń kú lọ, àwọn àgbà yí i ká, ó sì ní àwọn áńgẹ́lì ti dé láti mú òun lọ, òun ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun ronú pìwà dà díẹ̀ sí i. Wọ́n ní, "Baba, ẹ̀yin kò nílò rẹ̀." Ó ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá òun ti bẹ̀rẹ̀. Augustine tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, ní 430, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Vandal ti yí ìlú rẹ̀ ká, ní kí wọ́n da àwọn sáàmù ìrònúpìwàdà Dáfídì kọ, kí wọ́n fi wọ́n sára ògiri níbi tí òun yóò ti máa kà wọ́n lórí ibùsùn. Ó ń kà á, ó ń sunkún. Possidius ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù fún ohun tó lé ní 30 ọdún nìyẹn. Nígbà tí Martin Luther, tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ìjọ ní Jámánì, sì kọ àwọn kókó 95 rẹ̀ ní 1517, èyí tó fi ṣíwájú gbogbo wọn ni pé nígbà tí Jésù ní kí a ronú pìwà dà, gbogbo ìgbésí ayé onígbàgbọ́ ló ní lọ́kàn. Ìjà ìwé ìdáríjì tí wọ́n ń tà ló fà á. Ìwé téèyàn bá rà, ó ti rà á nìyẹn, a sì fi í pamọ́ sínú àpótí.

Èyí kò túmọ̀ sí pé kí onígbàgbọ́ máa fajú ro. Nínú ìlànà àyẹ̀wò ọkàn tí Ignatius ti Loyola, tó dá ẹgbẹ́ àlùfáà Jesuit sílẹ̀, fi lélẹ̀, tí póòpù fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní 1548, ìgbésẹ̀ kìíní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá. Ọpẹ́ ni. Ẹ̀yìn ọpẹ́ lèèyàn tó bẹ Ọlọ́run fún ìmọ́lẹ̀, tó sì tún ọjọ́ náà rìn láti ìgbà tó jí, wákàtí dé wákàtí. Mo gbà pé ó gbọ́n níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí oore kò lè fara da kó rí èérí ara rẹ̀. Yóò máa wá àwáwí ni, tàbí kó ya wèrè. Jòhánù náà, kó tó sọ̀rọ̀ omi àti aṣọ ìnura, ó kọ́kọ́ sọ pé Jésù fẹ́ràn àwọn tirẹ̀ títí dé òpin.

## Ẹ̀ẹ̀meje lóòjọ́

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti ń di òótọ́ tàbí irọ́ ni ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ó rọrùn kí n sọ fún Ọlọ́run pé mo ṣẹ̀. Kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú Mátíù 5, Jésù ní bí mo bá ti dé ibi pẹpẹ tán, tí mo sì rántí pé arákùnrin mi ní ohun kan nínú sí mi, kí n fi ọrẹ mi sílẹ̀ níbẹ̀, kí n kọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó ní ohun kan nínú: òun ni, kì í ṣe èmi. N kò lè sọ pé inú mi mọ́ sí i. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bẹ́ẹ̀ sì ni ìrònúpìwàdà tí kò lè dé ọ̀dọ̀ ọkọ, aya tàbí ọmọ inú ilé, n kò mọ bí yóò ṣe dé ọ̀run. Òbí kan tó lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Ohùn tí mo fi bá ọ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò dáa, má bínú," láìfi "ṣùgbọ́n ìwọ náà" gbè é lẹ́sẹ̀, ti ṣe ohun tí ìwàásù mẹ́wàá lórí ìrẹ̀lẹ̀ kò lè ṣe.

Àti pé ẹni tí wọ́n wá bẹ̀ ní tirẹ̀ láti ṣe. Lúùkù 17 sọ pé bí arákùnrin rẹ bá ṣẹ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀meje lóòjọ́, tó sì padà wá lẹ́ẹ̀meje lóòjọ́ pé "Mo ronú pìwà dà," dárí jì í. Lóòjọ́ kan náà. Nígbà tó bá fi máa di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ta ni kò ní sọ pé èyí ń fi mí ṣeré ni? Ṣùgbọ́n Jésù kò fi yíyẹ ọkàn ẹni náà wò sínú iṣẹ́ mi. Ó sì dájú pé kò lè béèrè àánú lọ́wọ́ mi tó ju èyí tí Baba ní lọ. Ẹni tó ti kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà láàárọ̀, tó tún sọ ọ́ lọ́sàn-án, tó ń tijú láti padà kúnlẹ̀ lálẹ́ nítorí kò fẹ́ jọ ẹlẹ́tàn, orí kẹtàdínlógún yìí ló yẹ kó kà.

Àwọn àpọ́sítélì gbọ́ ẹ̀ẹ̀meje yìí, wọn kò ní kó bù sí sùúrù wọn. Wọ́n ní, "Bù sí ìgbàgbọ́ wa." Jésù sọ̀rọ̀ hóró músítádì fún wọn, ó sì tẹ̀ síwájú sí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ti oko dé tó tún ń gbọ́únjẹ fún ọ̀gá rẹ̀, tí yóò sì sọ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ pé ọmọ ọ̀dọ̀ aláìlérè ni òun, ohun tó tọ́ kí òun ṣe ni òun ṣe. Nínú ọ̀pọ̀ Bíbélì, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ti fi àkọlé há àárín rẹ̀: ìdáríjì lọ́tọ̀, ìgbàgbọ́ lọ́tọ̀, iṣẹ́ ìsìn lọ́tọ̀. Ìjókòó kan ni. Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ kọ́ ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ yìí, láti ẹsẹ 3 dé ẹsẹ 10 ni mo ń bá a kà, láìdúró níbi àkọlé kankan.